Èdè Méjì Lẹ́nu Ọmọ: Irọ́ Tí À Ń Pa àti Òótọ́ Tó Wà Níbẹ̀

Irọ́: Ọmọ tó bá ń gbọ́ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ kò ní tètè sọ̀rọ̀.

Òótọ́: Ìgbà tí ọmọ elédè kan ń la ẹnu ni ọmọ elédè méjì náà ń la tiẹ̀. Àwa ni a kì í ka ọ̀rọ̀ wọn pé. Ìyá tó bá ka Gẹ̀ẹ́sì nìkan lẹ́nu ọmọ rẹ̀ yóò ní ó ti rẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ omi, bàtà àti "gbé mi" ti wà lẹ́nu ọmọ ọ̀hún. Barbara Pearson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń gbọ́ Sípáníìṣì àti Gẹ̀ẹ́sì ní Miami wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1993: nígbà tí wọ́n ro èdè méjèèjì pọ̀, àwọn ọmọ náà kò kéré sí elédè kan. Bí ọmọ bá pé ọdún méjì tí kò tíì lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò. Ẹ má torí ẹ̀ gba Yorùbá lẹ́nu rẹ̀.

Irọ́: Bó bá ń da èdè pọ̀, orí rẹ̀ ti dàrú nìyẹn.

Òótọ́: Ẹ fetí sí ọmọ tó ní, "Mọ́mì, mo ti wash plate náà." Wash jókòó síbi tí fọ̀ ì bá jókòó sí gan-an, "náà" sì tẹ̀lé plate bó ṣe máa ń tẹ̀lé abọ́. Ẹ ò ní gbọ́ "mo wash ti náà plate" lẹ́nu rẹ̀ láéláé. Kí ìyá àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ṣáà wọlé, ẹ ó rí i pé ọmọ á wá abọ́ àti fífọ̀ rí. Àwa àgbà ńkọ́? Ẹ gbọ́ wa níbi ìpàdé ẹbí.

Irọ́: Èdè ilé ń sọ ọmọ di olódo.

Òótọ́: Ó ti pẹ́ tí irọ́ yìí ti ń rìn. Lọ́dún 1923, D. J. Saer dán àwọn ọmọ Wales wò, ó ní èdè méjì ń da orí wọn rú. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an, àwọn ọmọ ìgbèríko ló rẹ̀yìn. Láàárín àwọn ọmọ ìgboro, kò sí ìyàtọ̀ gidi kan. Bó bá jẹ́ èdè ni àrùn náà, kí ló dé tí kò mú ọmọ ìgboro? Ní Montreal lọ́dún 1962, Elizabeth Peal àti Wallace Lambert fi àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ipò òbí wọn jọra wéra. Àwọn tó gbọ́ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ló gbégbá orókè.

Ti Modákẹ́kẹ́ ló wù mí jù. Láti 1970 ni Babs Fáfúnwá àti àwọn ará Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé St. Stephen's 'A' níbẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn iṣẹ́ yòókù, ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì kò kúrò níbẹ̀ o: iṣẹ́ kan ni, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ló sì ń kọ́ wọn. Nígbà tí ìdánwò dé, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì alára, wọn kò rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n ti gbé bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kẹrin. Síbẹ̀, títí dòní, àwọn ilé ìwé kan ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ "vernacular".

Irọ́: Ọmọ elédè méjì á gbọ́n ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Òótọ́: Àwa tá a fẹ́ràn Yorùbá la ń pa eléyìí. Lóòótọ́, iṣẹ́ Ellen Bialystok ní Kánádà fún un lẹ́sẹ̀ tó fi ń rìn. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2019, Anthony Dick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo àwọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá tó lé ní 4,500 ní Amẹ́ríkà: ní ti ìfọkànsí àti ìkóra-ẹni-níjàánu, elédè méjì kò ta elédè kan yọ. Kò dùn mí. Ẹni tó bá torí ọpọlọ jíjí nìkan kọ́ ọmọ rẹ̀ ní Yorùbá yóò pa á tì lọ́jọ́ tí ìwé ìròyìn bá sọ nǹkan mìíràn.

Irọ́: Kátúùnù Yorùbá lórí YouTube ti tó.

Òótọ́: Ní Seattle, Patricia Kuhl mú àwọn ọmọ oṣù mẹ́sàn-án tí ilé wọn ń sọ Gẹ̀ẹ́sì wá sọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ Mandarin. Àwọn tí èèyàn jókòó tì, tó bá ṣeré, dá ìró èdè náà mọ̀. Àwọn tó wo èèyàn kan náà nínú fídíò kò rí nǹkan kan mú. Àbájáde náà jáde lọ́dún 2003. Ẹ̀yin òbí tó wà ní London, tí ẹbí nílé ń pe ọmọ yín lórí fóònù aláwòrán, tiyín yàtọ̀ díẹ̀: ìwádìí mìíràn lọ́dún 2014 fi hàn pé ọmọ tó ti ń súnmọ́ ọdún méjì àtààbọ̀ lè kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun lọ́dọ̀ ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ, bí onítọ̀hún bá ṣáà ń rí i, tó sì ń dá a lóhùn.