Ẹ̀YIN BÍRÍKÌLÀ, Ẹ RÁNTÍ ONÍKẸ̀KẸ́ ARỌ!

Àtẹ̀gùn mẹ́ta péré! Lójú ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé, kí ló jẹ́? Ṣùgbọ́n odi ìlú ni lójú ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ. Ìta báǹkì ni yóò dúró sí, tí yóò máa fi ọ̀rọ̀ owó ara rẹ̀ rán ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá tilẹ̀ gbé e gòkè, ilẹ̀kùn onígíláàsì tó ń gba èèyàn kọ̀ọ̀kan kò gba kẹ̀kẹ́.

Òfin wà o! Èkó ti ní tirẹ̀ láti 2011. Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ti ìjọba àpapọ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2019. Ọdún 5 ni wọ́n fi sílẹ̀ kí wọ́n fi tún àwọn ilé tí gbogbo ayé ń wọ̀ ṣe, ó sì ti pé láti 2024. Òṣìṣẹ́ tó bá fọwọ́ sí púláànù tó ta ko òfin yìí lè san mílíọ̀nù kan náírà, ó kéré tán, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún 2. Àmọ́ ẹ wo ọ̀pọ̀ ilé ìjọba fúnra rẹ̀ ná!

Iṣẹ́ ọ̀hún kò kúkú le. Bí àtẹ̀gùn bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 1, kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ gùn tó 12, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kẹ̀kẹ́ á dojú dé. Kí kápẹ́ńtà fi ínṣì 32 sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà ńkọ́? Gọ́tà tẹ́ ẹ ṣí sílẹ̀ ni afọ́jú ń já sí. Ẹ fi pákó bò ó, ẹ jọ̀ọ́. Bí akàndá bá sì bá èrò lórí ìlà, òfin náà ní òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn.