Bí wọ́n ti ń ka nọ́ńbà ní Jámánì

Ẹni tí ó bá ń kọ́ èdè Jámánì nítorí ìrìn àjò, kí ó ṣọ́ra fún nọ́ńbà.

Ẹ wo 24. Vierundzwanzig ni wọ́n ń pè é. Vier ni mẹ́rin, und ni àti, zwanzig ni ogún. Mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè, bí àwa náà ti ń wí pé mẹ́rìnlélógún.

Ṣùgbọ́n nínú ìwé, 2 ni ó ṣáájú. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ bí ó ti ń gbọ́ ọ, 42 ni yóò kọ. Ó lè lọ kan ilẹ̀kùn ilé onílé, tàbí kí ọkọ̀ ojú irin fi í sílẹ̀.

Ẹ má kánjú. Ẹ gbọ́ ọ tán kí ẹ tó kọ ọ́. Bí kò bá yé yín, ẹ fún wọn ní ìwé àti kálámù, kí wọ́n kọ ọ́ fún yín.