Ìdìjẹ̀ Inú Iṣan: Orúkọ àti Ìdènà Rẹ̀

Ọ̀rọ̀-ìṣe 'dì' kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní Ìlaròó tàbí Ayétòrò: ẹ̀kọ a máa dì, epo a máa dì nígbà ọyẹ́, ẹ̀jẹ̀ ojú ọgbẹ́ náà a sì máa dì. Ti ojú ọgbẹ́ jẹ́ ìgbàlà. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá dì nínú iṣan tí ó ń gbé e padà sí ọkàn, pàápàá ní ẹsẹ̀, ègé rẹ̀ lè já, kí ó lọ dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró, kí ó sì pa ènìyàn lójijì. Èyí ni ó yẹ ní 'ìdìjẹ̀ inú iṣan'.

'Iṣan' nìkan kò tó, nítorí ó kan ẹran ara pẹ̀lú. Aláìsàn tí ó bá ní iṣan ẹsẹ̀ ń dun òun, wọ́n lè máa fi òróró wọ́ ọ, nígbà tí dókítà ni ó yẹ kí ó rí. 'Iṣan ẹ̀jẹ̀' ni kí olùtumọ̀ kọ.

Ohun mẹ́ta tí a so mọ́ orúkọ Rudolf Virchow, oníṣègùn ará Jámánì tí ó kọ̀wé lórí ọ̀ràn yìí ní 1856, ni ó ń fà á: kí ẹ̀jẹ̀ máa rìn lọ́ra, kí ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ farapa, kí ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ sì máa tètè dì. Ìdùbúlẹ̀, iṣẹ́ abẹ àti ìbímọ lè kó wọn jọ.

Heparin, tí a ṣàwárí ní 1916, àti warfarin, tí a fọwọ́ sí fún ènìyàn ní 1954, kì í yọ́ ìdìjẹ̀ tí ó ti wà. Wọ́n ń dènà kí ó tóbi tàbí kí òmíràn dìde. Nítorí náà 'adènà-ìdìjẹ̀' bá wọn mu ju 'ayọ́-ìdìjẹ̀' lọ. Wọn kì í sì sọ ẹ̀jẹ̀ di omi. Aláìsàn tí ó bá gbà bẹ́ẹ̀ lè sá fún oògùn tí ì bá gbà á là.

Ewu yìí kì í tán ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ó lè bá aláìsàn dé ilé, fún nǹkan bí 90 ọjọ́. Ẹni tí ó ti Abẹ́òkúta padà sí Ayétòrò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tàbí ìyá ọmọ tuntun ní Ìlaròó, kí ó máa rìn díẹ̀díẹ̀ bí dókítà bá ti yọ̀ǹda, kí ó máa na ọrùn ẹsẹ̀ sókè sódò lórí ibùsùn, kí ó má sì fo oògùn tí a kọ fún un. Kò gbọdọ̀ fi àgbo kún warfarin láìsọ fún dókítà. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tí ó ń dùn ún, bí èémí bá ké lójijì, tàbí bí ó bá ń wú ikọ́ ẹlẹ́jẹ̀, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.