Gíláàsì Iwájú Alùpùpù: Bí A Ti Í Dè É Àti Bí A Ti Í Tò Ó Kí Ó Lè Gba Afẹ́fẹ́ Dúró

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń gun alùpùpù ni ó mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì, táyà àti bíréèkì ń fẹ́ ìtọ́jú, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ka afẹ́fẹ́ sí ohun tí ó yẹ kí ènìyàn gbáradì fún. Bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ yìí kan náà ni ó ń lu àyà ẹni láti ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn títí dé òpin rẹ̀. Òun ni ó ń kó eruku àti kòkòrò sí ẹni lójú, òun ni ó ń fa omijé, òun ni ó sì ń mú kí ọrùn àti èjìká máa ro ènìyàn nígbà tí ó bá délé. Alùpùpù tí ń sá kílómítà 80 ní wákàtí kan ń rìn tó mítà 22 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Nítorí náà, ẹni tí kòkòrò bá kọlù lójú, tí ó sì dijú fún ìṣẹ́jú-àáyá kan péré, ti rin mítà 22 bí afọ́jú. Àwọn àgbà a máa wí pé, “Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.” Ẹni tí ó dijú kò lè wo òkèèrè.

Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni gíláàsì ìdáàbòbò tí a ń dè mọ́ iwájú alùpùpù, lókè iná ńlá, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní wíńsíkíríìnì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rí àwọn ọlọ́pàá tí ń fi alùpùpù ṣíwájú ọkọ̀ àwọn aláṣẹ yóò ti rí irú rẹ̀. Kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Bí a bá dè é dáadáa, ó ń gba àyà àti ojú sílẹ̀ lọ́wọ́ afẹ́fẹ́. Bí a bá dè é lódì, ó lè burú ju àìní rẹ̀ lọ, nítorí ó lè mú kí ọwọ́ alùpùpù máa gbọ̀n, tàbí kí ó dí ẹni tí ń gùn ún lójú lálẹ́.

Agbára tí afẹ́fẹ́ ní

Afẹ́fẹ́ kò ṣeé fojú rí, ṣùgbọ́n a lè fi òṣùwọ̀n wọn agbára rẹ̀. Òfin rẹ̀ ni pé bí ìyára bá di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti nǹkan yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Kí á mú gíláàsì kan tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 50, tí ó sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 40. Bí alùpùpù bá ń sá kílómítà 40 ní wákàtí kan, afẹ́fẹ́ yóò tì í bí ẹrù tí ó wúwo tó nǹkan bíi kílò kan àbọ̀. Bí ó bá di kílómítà 80, yóò tì í bí ẹrù kílò 6. Ẹrù yìí ni àyà ẹni tí kò ní gíláàsì ń gbé, òun náà sì ni àwọn bóòtù gíláàsì yóò máa gbé fún ẹni tí ó ní in.

Kí a má sì gbàgbé pé afẹ́fẹ́ a máa bọ̀ láti ọ̀nà tirẹ̀. Ẹni tí ń sá kílómítà 60, tí ọyẹ́ sì ń fẹ́ bọ̀ wá pàdé rẹ̀ ní kílómítà 20, afẹ́fẹ́ kílómítà 80 ni ó ń bá jà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 60 ni aago alùpùpù rẹ̀ ń fi hàn.

Ta ni ó nílò rẹ̀?

Kì í ṣe gbogbo ọ̀nà ni ó ń béèrè fún gíláàsì kan náà. Ẹ jẹ́ kí á wo Bọ́ládé ní Òṣòdì, lẹ́bàá òpópónà Agege Motor Road, níbi tí ọ̀nà ọkọ̀ àti ọ̀nà reluwé ti ń bá ara wọn lọ. Láàárín ọjà àti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó wà níbẹ̀, agbára káká ni alùpùpù fi ń sá kílómítà 20 ní wákàtí kan. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ kò ní ipá. Ìtura ni ó jẹ́ nínú oòrùn, gíláàsì ńlá yóò sì kàn dí ìtura náà lọ́wọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹni kan náà bá jáde sí ọ̀nà márosẹ̀ tí ó lọ sí Àpápá tàbí Oworóńṣókí, ọ̀ràn yí padà. Afẹ́fẹ́ ń ti iwájú wá, àjàgbé tí ó bá sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni ń ti afẹ́fẹ́ mìíràn láti ẹ̀gbẹ́.

Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó mú òfin tí ó dá ọ̀kadà akérò dúró wọ ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀, pẹ̀lú Mushin, Ṣómólú àti Kòṣọ́fẹ́, lẹ́yìn tí irú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà mìíràn ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún náà. Ọ̀rọ̀ gíláàsì yìí wá kan àwọn tí ń fi alùpùpù jíṣẹ́ ẹrù àti àwọn tí ń gun tiwọn lọ síbi iṣẹ́ jùlọ. Ó sì kan ẹ̀yin ará wa ní abúlé, tí ẹ ń gba ọ̀nà eléruku lọ sí oko àti ọjà, tí ẹ sì ń jáde sí ọ̀nà ọlọ́dà láti lọ sí ìlú ńlá. Fún ọ̀nà jíjìn, gíláàsì tí ó ga déédéé ni ó dára. Fún ìrìn inú ìlú, èyí kékeré tí ó bo aago iwájú àti àyà nìkan ti tó.

Ohun tí a fi ń ṣe é

Bí a tilẹ̀ ń pè é ní gíláàsì, ike ni. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni akirílíìkì, irú èyí tí Otto Röhm ará Jámánì fi orúkọ Plexiglas tà láti ọdún 1933. Ó mọ́ kedere, kì í sì í tètè há, ṣùgbọ́n ó lè fọ́ bí òkúta bá bà á. Èkejì ni polycarbonate, tí Hermann Schnell ṣàwárí ní ilé-iṣẹ́ Bayer ní Jámánì ní ọdún 1953. Èyí le gan-an, òkúta kì í tètè fọ́ ọ, ṣùgbọ́n eruku a máa tètè ha á bí kò bá ní àwọ̀ líle lórí.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé gíláàsì fèrèsé ilé dè mọ́ iwájú alùpùpù. Bí ó bá fọ́, ọ̀bẹ ni ó dà. Ẹ má sì ṣe lo pákó tàbí ike tí kò ṣeé wò gba inú rẹ̀. Nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin akoto ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, a rí àwọn kan tí wọ́n dé igbá sórí dípò akoto. Ohun tí ó jọ ààbò kì í ṣe ààbò.

Bí gíga rẹ̀ ti yẹ kí ó rí

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe é lódì. Wọ́n rò pé bí gíláàsì bá ti ga tó ni ó ti dára tó. Ẹ wo omi odò tí ó ń ṣàn kọlu àpáta. Omi náà kì í dúró. Ó ń fò kọjá lórí àpáta, lẹ́yìn náà ni ó ń ru, tí ó sì ń yí po. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni afẹ́fẹ́ ń ṣe ní etí òkè gíláàsì. Bí etí náà bá rẹlẹ̀ jù, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń ru ni orí ẹni yóò wà: akoto yóò máa mì jìgìjìgì, ariwo yóò sì kún etí. Bí ó bá sì ga kọjá ojú, inú ike ni ẹni náà yóò ti máa wo ọ̀nà, kò sì sí ohun tí ń nu òjò kúrò lára rẹ̀ bí ti mọ́tò.

Ìwọ̀n tí ó tọ́ ni pé kí etí òkè gíláàsì dé ọ̀gangan imú ẹni tí ń gùn ún, kí ó lè máa wo ọ̀nà gba òkè rẹ̀ kọjá. Afẹ́fẹ́ tí ó bá gun etí náà ń fò sókè díẹ̀, yóò sì kọjá lórí akoto. Láti mọ ìwọ̀n yìí, kí ẹni náà jókòó lórí alùpùpù bí ó ti máa ń jókòó, kí ó dé akoto, kí ẹlòmíràn sì mú páálí dúró síwájú rẹ̀ kí ó tó ra gíláàsì rárá. Bí ó bá jẹ́ pé ó máa ń gbé ẹrù tàbí àpótí sẹ́yìn, kí ó di ẹrù náà kí a tó wọ̀n ọ́n, nítorí ẹrù ẹ̀yìn a máa tẹ ẹ̀yìn alùpùpù sílẹ̀, iwájú á gbé sókè, gíláàsì yóò sì dà sẹ́yìn ju bí a ti tò ó lọ.

Bí a ti í dè é

Ẹ dúró sí ibòji, kí ẹ sì gbé alùpùpù dúró gbọn-in lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ lásán dè gbogbo bóòtù ná, kí nǹkan ṣì lè yí. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ọwọ́ alùpùpù sí apá òsì dé òpin, kí ẹ sì yí i sí apá ọ̀tún dé òpin. Gíláàsì kò gbọdọ̀ kan táńkì epo, kò sì gbọdọ̀ fún wáyà bíréèkì, ti kílọ́ọ̀ṣì tàbí ti iná mọ́lẹ̀. Ẹ wò ó pé kò bo iná iwájú, bẹ́ẹ̀ ni kò dí aago iwájú.

Bí ó bá di dandan láti lu ihò, ẹ fi pákó ti ẹ̀yìn ike náà, kí ẹ sì rọra lù ú. Kí ihò náà fẹ̀ ju bóòtù lọ díẹ̀, nítorí ike a máa wú nínú oòrùn. Bí kò bá rí àyè, yóò là láti ojú ihò. Ẹ fi wọ́ṣà rọ́bà sí àárín irin àti ike níhà méjèèjì. Kí ẹ máa dè é díẹ̀díẹ̀, láti apá kan sí èkejì, kí ó lè le bákan náà. Kò yẹ kí a fi gbogbo agbára fún un. Ẹ má sì ṣe kán oògùn tí àwọn mẹkáníìkì fi ń mú bóòtù dúró sí ibi tí ó ti lè kan polycarbonate, nítorí ó lè mú kí ó là. Nọ́ọ̀tì onírọ́bà inú ni kí ẹ lò.

Bí a ti í dán an wò

Ẹ mú ọ̀nà tí ó tẹ́jú, tí ọkọ̀ kò pọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ sáré kílómítà 30, kí ẹ tó lọ sí 40, lẹ́yìn náà 60. Bí ọwọ́ alùpùpù bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹ má ṣe tẹ bíréèkì gìrì. Ẹ rọra dín epo kù, kí ẹ dúró, kí ẹ sì yẹ ìdè rẹ̀ wò.

Bí orí bá ń mì, ẹ gbé gíláàsì sókè tàbí kí ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì, kí ẹ sì tún dán an wò ní ìyára kan náà. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó bá yí gíga àti ìdàsẹ́yìn pọ̀ kò ní mọ èyí tí ó wo àrùn náà sàn. Bí ó bá dà bíi pé ohun kan ń ti yín láti ẹ̀yìn, tí eruku sì ń yí po níwájú àyà, ó túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ kò tó lẹ́yìn gíláàsì. Ẹ ṣí àyè díẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè gbà á wọlé. Lẹ́yìn kílómítà 100 àkọ́kọ́, ẹ tún gbogbo bóòtù yẹ̀ wò.

Kì í ṣe iṣẹ́ kékeré ni ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ BMW fẹ́ ṣe alùpùpù R100RS tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1976, ilé ìdánwò afẹ́fẹ́ Pininfarina ní Ítálì ni wọ́n gbé e lọ, kí wọ́n tó mọ bí ìbòrí iwájú rẹ̀ yóò ti rí.

Ìtọ́jú rẹ̀

Ẹ má ṣe fi aṣọ gbígbẹ nu eruku ọyẹ́ kúrò. Eruku náà yóò ha ike bí ìyẹ̀pá. Ẹ da omi sí i ná kí ó rọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ọṣẹ àti aṣọ òwú múlọ́múlọ́ fọ̀ ọ́. Bẹntiróòlù, kẹrosíìnì àti oògùn tí a fi ń nu fèrèsé kò gbọdọ̀ kàn án. Gíláàsì tí ó ti há púpọ̀ a máa tú iná ọkọ̀ tí ń bọ̀ níwájú ká lóru, kò sì ní jẹ́ kí a rí ihò tàbí ènìyàn lójú ọ̀nà. Bí ó bá ti rí bẹ́ẹ̀, pàṣípààrọ̀ rẹ̀ ni ó kù. Ẹ má sì ṣe lẹ àwòrán tàbí ọ̀rọ̀ mọ́ ọn.

Ní ìparí, a ní láti sọ pé gíláàsì kò rọ́pò akoto, bẹ́ẹ̀ ni agbòjò tí àwọn kan ń nà sórí alùpùpù kò rọ́pò gíláàsì. Ìgbòkun ni agbòjò jẹ́. Afẹ́fẹ́ àjàgbé kan ṣoṣo lè fi í gbé ènìyàn àti alùpùpù kúrò lójú ọ̀nà. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ẹni tí ó bá mọ̀wé kà kí ó ka èyí sí etígbọ̀ọ́ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, pàápàá jùlọ àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi alùpùpù wá oúnjẹ òòjọ́ wọn.