Bí A Ti Ń Wá Baba Ńlá Tó Gbé Ilẹ̀ Íńdíà

Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, bí ọmọ bá fẹ́ mọ ẹni tó bí baba baba rẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni yóò lọ. Ìyá àgbà yóò ki oríkì, yóò dárúkọ agbo ilé, yóò sọ ìlú tí wọ́n ti wá kí ogun tó tú wọn ká. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn wà lónìí ní Ìlú Ọba, ní Trinidad, ní Fiji, ní Mauritius àti ní South Africa, tí wọn kò ní ìyá àgbà tó lè ṣe èyí fún wọn. Baba ńlá wọn gbé Íńdíà rí, ní ayé tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe ìjọba níbẹ̀. Òkun ti wà láàárín wọn àti ilé. Kò sí oríkì mọ́, ìwé ló kù. A fẹ́ ṣàlàyé irú ìwé tó jẹ́, ibi tó wà, àti bí àwọn tó ń wá ẹbí wọn ti ń lò ó. A ó sì sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ìwé náà kò dárúkọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ìjọba. Ní ọdún 1600, Ọbabìnrin Elizabeth fún ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní àṣẹ láti máa ṣòwò ní ìhà ìlà-oòrùn ayé. East India Company ni orúkọ ẹgbẹ́ náà. Kọ́ńpìnnì ni a ó máa pè é. Ata àti aṣọ ló bá lọ. Nígbà tó yá, ẹni tó wá ra aṣọ di ẹni tó ń gba owó ilẹ̀. Ó ní sójà, ó ní adájọ́, ó ní gómìnà. Ní 1857 ọ̀pọ̀ nínú àwọn sójà Íńdíà tí Kọ́ńpìnnì ń lò dìde sí i, ogun ńlá sì ṣẹlẹ̀. Ní 1858 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ Kọ́ńpìnnì, ó sì ń ṣe àkóso rẹ̀ títí di 1947, nígbà tí Íńdíà àti Pakistan gba òmìnira.

Oníṣòwò kì í fi àkọsílẹ̀ ṣeré. Kọ́ńpìnnì kọ owó tó wọlé àti owó tó jáde, ó kọ orúkọ akọ̀wé, orúkọ sójà, orúkọ ẹni tó kú àti iye tí wọ́n ta ẹrù rẹ̀. Ìjọba tó gba ipò rẹ̀ kò yí èyí padà. Púpọ̀ nínú ìwé wọ̀nyí wà ní British Library, ilé ìkàwé ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí a bá tò wọ́n sórí pẹpẹ lẹ́sẹẹsẹ, wọn yóò gùn tó bíi máìlì mẹ́sàn-án. Ẹ wo bí ẹnì kan yóò ti rí orúkọ baba ńlá rẹ̀ nínú ìwé tó gùn ní máìlì mẹ́sàn-án!

Nítorí náà, ilé ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ní ọgbọ́n yóò kọ́kọ́ bi àwọn àgbà ìdílé rẹ̀ léèrè, yóò sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Yóò wo inú Bíbélì àtijọ́, nítorí àwọn òyìnbó a máa kọ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ síbẹ̀. Yóò yí ẹ̀yìn fọ́tò wò. Bí mẹ́dà sójà bá wà nílé, yóò wo etí rẹ̀ yípo, nítorí wọ́n a máa gbẹ́ orúkọ sójà náà síbẹ̀, àti orúkọ ẹgbẹ́ ogun tó wà. Ohun kékeré báyìí ló ń sọ ìwé tí ènìyàn yóò kọ́kọ́ ṣí.

Ó ṣe pàtàkì láti mọ̀ bóyá sójà Kọ́ńpìnnì ni baba náà, tàbí sójà Ọba. Àwọn méjèèjì wà ní Íńdíà pọ̀ láyé àtijọ́. Ìwé sójà Kọ́ńpìnnì wà ní British Library. Ìwé sójà Ọba wà ní National Archives ní Kew, ìyẹn ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí lè wá ẹni rẹ̀ fún ọdún méjì ní ilé tí kò sí.

Ìwé tí àwọn ènìyàn ń lò jù ni ìwé ìjọ. Àwọn àlùfáà tí Kọ́ńpìnnì ń sanwó fún a máa kọ orúkọ ọmọ tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún, ọkọ àti aya tí wọ́n so pọ̀, àti òkú tí wọ́n sin. Wọ́n a sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín àkọsílẹ̀ yìí sí. Ti Madras bẹ̀rẹ̀ ní 1698, ti Bombay ní 1709, ti Bengal ní 1713. Àwọn ìlú wọ̀nyí ti yí orúkọ padà: Madras ni Chennai, Bombay ni Mumbai, Calcutta tí í ṣe olú ìlú Bengal ni Kolkata. Láti 2014, púpọ̀ nínú ìwé wọ̀nyí ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1998, tí ń jẹ́ Families in British India Society, náà ti da àìmọye orúkọ kọ síbẹ̀, ènìyàn sì lè wò ó láìsan owó.

Ìwé ìsìnkú ló ń bani nínú jẹ́ jù. Ibà, ìgbẹ́ ọ̀rìn àti onígbáméjì pa àwọn òyìnbó náà bí ẹni pa eṣinṣin. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Bombay láyé àtijọ́ a máa sọ pé ìgbà òjò méjì péré ni ẹ̀mí ènìyàn níbẹ̀. Ẹni tó bá ka ìwé náà yóò rí ìyá àti ọmọ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Ní Calcutta, itẹ́ òkú kan wà ní Park Street tí wọ́n ṣí ní 1767. Àwọn òkúta orí sàréè ibẹ̀ ga bí ilé, àwọn ènìyàn ṣì ń lọ ka orúkọ ara wọn lára wọn títí di òní.

Nísinsìnyí a dé ibi tó le. Ìwé ìjọ sọ orúkọ baba dáadáa. Ìyá ńkọ́? Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ òyìnbó ló fi obìnrin Íńdíà ṣe aya tí wọ́n sì bímọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá gbé ọmọ náà lọ sí ìrìbọmi, àlùfáà a kọ orúkọ baba, a fi àyè ìyá sílẹ̀ lófìfo, tàbí kí ó kọ pé obìnrin ọmọ ilẹ̀ náà ni. Ó tán. Bí wọ́n bá ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà fúnra rẹ̀, wọ́n a fún un ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ ilé baba rẹ̀ a sì sọnù sínú omi náà.

Kọ́ńpìnnì tún dá kún un. Ní 1791 ó pàṣẹ pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Íńdíà kò gbọdọ̀ wọ iṣẹ́ ọ̀gá nínú ìjọba tàbí nínú ogun rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí irú òfin báyìí ń dá sílẹ̀ nínú ilé. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí fi ìyá wọn pamọ́. Bí ọmọ-ọmọ bá béèrè ìdí tí ara baba àgbà fi dúdú díẹ̀, wọ́n a ní ẹ̀jẹ̀ Potogí ni.

Ẹ gbọ́ ìtàn kan tí gbogbo ayé mọ̀. James Achilles Kirkpatrick ni aṣojú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ààfin ọba Hyderabad. Ó fẹ́ ọmọbìnrin ìdílé ńlá kan níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni Khair-un-Nissa. Wọ́n bí ọmọkùnrin kan ní 1801 àti ọmọbìnrin kan ní 1802. Sahib Allum àti Sahib Begum ni wọ́n ń pè wọ́n nílé. Ní 1805 baba wọn fi wọ́n sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlú Ọba láti lọ kàwé. Òun fúnra rẹ̀ kú ní Calcutta ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Nígbà tí àwọn ọmọ dé ọ̀hún, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún wọn ní 1806, wọ́n sọ wọ́n ní William George àti Katherine Aurora. Ẹni tó bá fi orúkọ méjì wọ̀nyí nìkan bẹ̀rẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé Hyderabad ni wọ́n ti gbé wọn jó?

Khair-un-Nissa kú ní 1813. Kò tún fi ojú kan àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó wọkọ̀, ayàwòrán kan tí ń jẹ́ George Chinnery ti ya àwọn ọmọ méjèèjì nínú aṣọ Íńdíà tí wọ́n wọ̀. Nígbà tí Katherine, tí wọ́n ń pè ní Kitty, ti di ìyá ọlọ́mọ, ó rí àwòrán náà lára ògiri ilé Henry Russell, ẹni tó ti bá baba rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Hyderabad. Ó sunkún. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là. Ìyá ìyá rẹ̀, Sharaf-un-Nissa, ṣì wà láàyè ní Hyderabad! Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìwé sí ara wọn. Ìyá àgbà kọ tirẹ̀ ní èdè Persia, ẹni kan a túmọ̀ rẹ̀ fún Kitty. Wọn kò rí ara wọn títí ikú fi dé, ṣùgbọ́n ìwé ń lọ, ìwé ń bọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ní àwòrán lára ògiri. Fún àwọn yòókù, ìwé ìhágún tí a ń pè ní wílì ló máa ń ranni lọ́wọ́. Baba tó tijú láti dárúkọ aya rẹ̀ níwájú àlùfáà, bí ó bá ti rí ikú lókèèrè, yóò dárúkọ rẹ̀ fún lọ́yà. Yóò ní kí wọ́n fún un ní ilé báyìí, owó báyìí lóṣooṣù. A rò pé bí ẹnì kan bá ń wá ìyá ńlá, ìwé ìhágún ló yẹ kí ó lọ kà kí ó tó sọ̀rètí nù.

Àwọn ará Íńdíà tó kúrò nílé ńkọ́? Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòpin sí oko ẹrú ní 1834, àwọn olóko ìrèké ń wá ẹni tí yóò ṣiṣẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ sí Íńdíà. Láti ìgbà náà títí di 1917, ó ju mílíọ̀nù kan ènìyàn lọ tí wọ́n kó lọ sí Mauritius, Guyana, Trinidad, Natal, Fiji àti ibòmíràn, pẹ̀lú àdéhùn ọdún márùn-ún. Àwọn òṣìṣẹ́ náà ń pe àdéhùn yìí ní girmit, nítorí bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti dún létí wọn nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń sọ pé àgírímẹ́ǹtì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè kàwé. Ìka ni wọ́n tẹ̀ sórí ìwé tó gbé wọn kọjá òkun.

Ìwé yẹn gan-an ló wá di oríkì fún àwọn ọmọ wọn. Akọ̀wé kọ orúkọ olúkúlùkù, orúkọ baba rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, ẹ̀yà rẹ̀, àgbègbè rẹ̀ àti abúlé rẹ̀, bí ó ti ga tó, àti àpá tó wà lára rẹ̀. Ó kọ ọ́ kí òṣìṣẹ́ má baà sá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ìyàwó òyìnbó ńlá kò ní orúkọ nínú ìwé ìjọ, ẹni tó ń lọ gé ìrèké ní orúkọ, ó ní baba, ó ní abúlé! Ìwé àwọn tó lọ sí Mauritius wà ní Mahatma Gandhi Institute ní Moka, fọ́tò sì wà lára púpọ̀ nínú wọn. Ti Fiji wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Suva. Ó lé ní 60,000 ènìyàn tó lọ síbẹ̀ láàárín 1879 àti 1916.

Orúkọ ló ń yọ wọ́n lẹ́nu jù. Akọ̀wé kọ ohun tó gbọ́, kì í ṣe ohun tí wọ́n sọ. Orúkọ kan ṣoṣo ni púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ ní, àwọn ọmọ wọn sì sọ orúkọ náà di orúkọ ìdílé. Àwa tí a ti di ìwé orúkọ mú nílé ẹ̀kọ́ mọ̀ bí èyí ti ń ṣẹlẹ̀: ọmọ ìyá kan náà méjì, ọ̀kan ń jẹ́ orúkọ baba, èkejì ń jẹ́ orúkọ baba àgbà. Nítorí náà, ẹni tó ń wá ẹbí rẹ̀ a máa ka orúkọ náà sókè, a sì wá gbogbo ọ̀nà tí etí àjèjì lè gbà gbọ́ ọ. A tún máa wo àwòrán ilẹ̀ àtijọ́, nítorí wọ́n ti pín àwọn àgbègbè Íńdíà ní ọ̀tun, abúlé tó ń jẹ́ orúkọ kan náà sì pọ̀. Àwọn kan rí i ṣá o. Ní 2012, Kamla Persad-Bissessar, tí í ṣe olórí ìjọba Trinidad nígbà náà, dé Bhelupur ní Bihar, abúlé tí baba ńlá rẹ̀ ti jáde. Àwọn ará abúlé náà tú jáde láti pàdé ọmọ wọn.

Ọ̀rọ̀ Íńdíà kan àwa náà níbì kan. Láti 1943, nígbà ogun Hitler, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà wọkọ̀ ojú omi lọ sí Íńdíà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti wọ Bọ́mà lọ jagun. Àwọn tí kò padà wálé lára wọn wà nínú ìwé. Sójà Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wà ní itẹ́ òkú ogun ní Chittagong, tí í ṣe ilẹ̀ Íńdíà nígbà náà, tó sì wà ní Bangladesh lónìí. Ní Taukkyan, lẹ́bàá Rangoon, wọ́n kọ orúkọ àwọn tí a kò rí sàréè wọn sára òpó òkúta; orúkọ ibẹ̀ súnmọ́ 27,000, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa sì wà lára wọn. Commonwealth War Graves Commission ló ń tọ́jú ìwé orúkọ náà, kì í sì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Ìdílé tí baba wọn lọ sí Bọ́mà tí kò bọ̀, ẹ tú àpótí ilé wò. Bí ẹ bá rí ìwé tí nọ́ńbà sójà rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ dà á kọ sínú ìwé mìíràn, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ bí àwọn ará ilé ti ń pè é, kí ẹ sì kọ ọ́ ní gbogbo ọ̀nà tí akọ̀wé ológun lè gbà ṣì í kọ, kí ẹ tó ránṣẹ́ béèrè.