"Under a Cloud": Ìfura Kì í Ṣe Ẹ̀bi

Ọ̀kan lára àwọn àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń dààmú akẹ́kọ̀ọ́ nínú iṣẹ́ ògbufọ̀ ni "under a cloud". Bí a bá tú u ní oréfèé, "lábẹ́ ìkùukùu" ni yóò jẹ́, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ yóò rò pé ọ̀rọ̀ ọyẹ́ ni.

Ẹni tí àwọn ènìyàn ń fura sí, tí iyèméjì wà nípa ìwà rẹ̀, ṣùgbọ́n tí a kò tíì fìdí ẹ̀sùn kankan múlẹ̀, ni Gẹ̀ẹ́sì ń fi sábẹ́ ìkùukùu. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó jẹ mọ́ kíkúrò ló sábà máa ń bá a rìn: "He resigned under a cloud."

Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́n díẹ̀ yóò sá fún ìkùukùu, yóò sì kọ ọ́ pé ọwọ́ ọ̀gá náà kò mọ́. Gbólóhùn náà dùn létí, àmọ́ ìdájọ́ ni; ó ti sọ afurasí di ọ̀daràn. Bẹ́ẹ̀, abala 36(5) nínú òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka ẹni tí a fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn sí aláìjẹ̀bi títí a ó fi fi ẹ̀rí hàn pé ó jẹ̀bi. Ẹni tó ń túmọ̀ ìròyìn fún rédíò kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ adájọ́. "Ó fipò sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fi ojú ìfura wò ó" kò ní àwòrán ojú ọ̀run nínú, síbẹ̀ òun ló sún mọ́ ọn jù. Bí ìkùukùu náà bá wá túká, ìyẹn bí a bá dá ọ̀gá náà láre, ìgbà náà ni "ọwọ́ rẹ̀ mọ́" tó bá a mu.