Ṣé o mọ̀? Mọ́ṣáláṣí tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹni tó bá wọkọ̀ ní Bè, ní Lomé, tó gba ọ̀nà etí òkun kọjá Kútọnu, yóò bá mọ́ṣáláṣí ńlá kan ní Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Má rò pé o ṣìnà: ilé gogoro méjì tó wà níwájú rẹ̀ jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì gan-an. Àwọn Àgùdà, ìran àwọn ẹrú tó ti Brazil padà wálé, ló kọ́ ọ láàárín 1912 sí 1935, wọ́n sì fara wé ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ní Brazil ọ̀hún. Mùsùlùmí paraku ni àwọn tó kọ́ ọ o! Iṣẹ́ tí ọwọ́ wọn mọ̀ ni wọ́n ṣe.

Bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Kí obìnrin borí. Má lọ wòran lásìkò ìrun Jímọ̀, kí o sì tọrọ àyè kí o tó ya fọ́tò.